Họ́ọ̀sì àti fítìn ọ́ìlì kúlà ọkọ̀

Ọ́ìlì kúlà jẹ́ rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí atẹ́gùn lè dín ooru rẹ̀ kù. Họ́ọ̀sì méjì ló ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnì: ọ̀kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná lọ, èkejì ń gbé èyí tó ti tutù bọ̀. Fítìn ni irin ìsopọ̀ tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì. Volkswagen tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, ní ọ́ìlì kúlà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, nítorí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò lo omi. Ara ẹ́ńjìnì náà ni wọ́n dè é mọ́, kò sì nílò họ́ọ̀sì. Ìgbà tí wọ́n bá gbé kúlà lọ síwájú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ń dé.

Ní Òṣogbo, ọkọ̀ tó kó ẹrù wúwo gba ọ̀nà Iléṣà ni irú kúlà bẹ́ẹ̀ wúlò fún jù. Kòròpé tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọláìyá lóṣù Ẹrẹ́nà kò ní rí àǹfààní rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi tí fáànù bá wà lẹ́yìn kúlà, torí ọkọ̀ tó dúró kò rí atẹ́gùn.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sábà máa ń gbóná tó 90 sí 110 °C lójú ọ̀nà, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bíi báà 4 sí 5. Ooru yìí ló ń ba họ́ọ̀sì jẹ́, ju prẹ́ṣọ̀ lọ. Họ́ọ̀sì haidirọ́líìkì onípele wáyà kan, SAE 100R1, tí àwọn tó ń tẹ họ́ọ̀sì fún típà àti katapílà ń lò, gba báà 160 ní ìwọ̀n íǹṣì 1/2. Ẹ́ńjìnì kò lè sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ooru tí wọ́n kọ fún un kò ju 100 °C lọ. Ẹni tó bá ń bi ọlọ́jà nípa prẹ́ṣọ̀ nìkan ò tíì béèrè ohun tó yẹ.

Họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ò ṣe é lò rárá. Rọ́bà EPDM ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ó fara da omi gbígbóná, àmọ́ ọ́ìlì ń bà á jẹ́: inú rẹ̀ á wú bíi gàrí tí wọ́n bu omi sí, yóò sì rọ̀ títí kílíìpù yóò fi gé e. Rọ́bà nítráìlì ni ti ọ́ìlì. Họ́ọ̀sì tẹ́fílọ́ọ̀nù tí wọ́n hun wáyà sí lára ń fara da ooru tó kọjá 200 °C, ṣùgbọ́n fítìn tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní òrùka kékeré kan nínú, fítìn ti rọ́bà kò sì lè dì í mú.

Ní ti ìwọ̀n, nọ́ńbà AN, tí wọ́n fi ń pe ìwọ̀n họ́ọ̀sì àti fítìn, ń ka ìdá 1/16 íǹṣì: -8 jẹ́ íǹṣì 1/2, -10 jẹ́ 5/8, -12 jẹ́ 3/4. -10 ló wọ́pọ̀ jù fún ọkọ̀ kéékèèké. Èyí tó bá tín-ín-rín jù á fún ọ́ìlì lọ́rùn.

Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tí fítìn fi ń yí wọlé, ni wàhálà gan-an. BSP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti NPT ti Amẹ́ríkà jọ ní eyín 14 nínú íǹṣì kan ní ìwọ̀n 1/2, àmọ́ igun eyín ti àkọ́kọ́ jẹ́ 55°, ti èkejì jẹ́ 60°. Tí wọ́n bá fi ọ̀kan wọ èkejì, ọwọ́ lásán á yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò wá le. Mẹkáníìkì tó bá rò pé ó ti ń dì nìyẹn, tó wá fi sípánà sí i, á rí èérún alumíníọ̀mù tó ń dán lára ọ́ìlì. Ẹnu ibi tí fílítà ń wọ̀ náà ní tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀: 3/4-16 (íǹṣì 3/4, eyín 16 nínú íǹṣì kan) ni ti ọ̀pọ̀ Toyota, M20×1.5 (mílímítà 20, eyín kan sí èkejì jẹ́ 1.5) ni ti ọ̀pọ̀ Honda. Ìyàtọ̀ fífẹ̀ wọn kò tó mílímítà kan, ó sì tó láti já fílítà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Fítìn AN ń dí nípa ojú rẹ̀ tó dà ní 37°, nítorí náà kò gba téèpù funfun. Èérún téèpù lè wọnú ọ̀nà ọ́ìlì. Tírẹ́ẹ̀dì tó ń tín-ín-rín lọ síwájú nìkan ni téèpù wà fún. BSP gbọọrọ, tí kò tín-ín-rín lọ síwájú, ń lo wọ́ṣà.

Kílíìpù oníṣúkúrúù kò tó fún prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì.

Tí wọ́n bá ń gé họ́ọ̀sì oníwáyà, wọ́n máa ń fi téèpù yí ojú ibi tí àyùn máa gbà ká, kí wáyà má bàa tú. Wọ́n á fọ inú rẹ̀ mọ́, wọ́n á kán ọ́ìlì sí tírẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì fi sípánà méjì ṣe é: ọ̀kan á di fítìn mú, èkejì á yí nọ́ọ̀tì. Họ́ọ̀sì R1 ti 1/2 kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ìkọ́ tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Wáyà tó wà lára họ́ọ̀sì máa ń rẹ́ ohunkóhun tó bá ń fara kàn, bí àyùn, kódà wáyà iná. Àwọn kan máa ń fi rọ́bà táyà ògbólógbòó bò ó. Ó tún gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀gbọ́ọ̀sì. Kúlà àti họ́ọ̀sì máa ń gba ọ́ìlì kún ti tẹ́lẹ̀, fún ìdí yìí wọ́n á tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á wo géèjì, wọ́n á sì bu ọ́ìlì tó kù sí i.