Ìfẹ́ àtimọ̀ nínú kíkọ́ni ní cognitive psychology

Cognitive psychology ni ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tó ń ṣèwádìí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń kíyè sí nǹkan, bó ṣe ń rántí, bó ṣe ń gbàgbé, bó ṣe ń ronú àti bó ṣe ń pinnu. Ìwé tí Ulric Neisser gbé jáde ní ọdún 1967 ló jẹ́ kí orúkọ yìí mọ́ ẹ̀ka náà lára, àmọ́ iṣẹ́ ti ń lọ lórí rẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus ní Jámánì gbé àbọ̀ ìwádìí tó fi ara rẹ̀ ṣe jáde. Ó ń há ọ̀wọ́ sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wọn èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé nǹkan bí oṣù kan.

Ẹ̀kọ́ yìí ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ kò ní: orí akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ohun tí wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀ wà. Bébà, báírò àti tíṣà tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ti tó láti fi ṣe ọ̀pọ̀ ìdánwò pàtàkì inú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di orúkọ àti ọdún tí tíṣà ń pè, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà kọ, á sú gbogbo wọn, àdánù ńlá sì ni. Ìdí nìyẹn tí ohun táwọn onímọ̀ ti rí nípa ìfẹ́ àtimọ̀ fi kan ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun tí ìwádìí sọ nípa ìfẹ́ àtimọ̀

Daniel Berlyne, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, ló la ìfẹ́ àtimọ̀ sí méjì ní ọdún 1954. Ọ̀kan ni èyí tí ohun tuntun tí a rí tàbí tí a gbọ́ máa ń fà, tó wà lára ẹranko pẹ̀lú. Èkejì ni òùngbẹ ìmọ̀, tó máa ń mú ènìyàn béèrè ìdí. Ní ọdún 1994, George Loewenstein ti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà wá ṣàlàyé pé ìfẹ́ àtimọ̀ máa ń jí nígbà tí ènìyàn bá rí i pé àlàfo wà láàárín ohun tí òun mọ̀ àti ohun tí òun fẹ́ mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá nípa ọ̀rọ̀ kò ní béèrè. Ẹni tó gbà pé òun mọ gbogbo rẹ̀ tán kò ní béèrè pẹ̀lú. Bí àlọ́ àpamọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyí. "Awẹ́ obì kan, àjẹdọ́yọ̀ọ́": ọmọ mọ obì, ó mọ̀ pé Ọ̀yọ́ jìnnà, kò wá mọ irú obì tí awẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo kò ní tán lẹ́nu títí ènìyàn fi dé ibẹ̀. Kí wọ́n tó sọ fún un pé ahọ́n ni, ó ti ṣe òfíntótó ohun tó wà lẹ́nu ara rẹ̀.

Àwọn ìwádìí tó wo inú ọpọlọ ti gbè ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 2009, Min Jeong Kang, Colin Camerer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bi àwọn ènìyàn ní 40 ìbéèrè nígbà tí wọ́n wà nínú ẹ̀rọ tó ń ya ọpọlọ. Nígbà tí ẹni náà bá ń hára gàgà láti gbọ́ ìdáhùn, apá ibi tó máa ń jí bí ènìyàn bá ń retí èrè ló ń jí. Ìfẹ́ àtimọ̀ kéré níbi tí ẹni náà kò ti ní òye kankan, ó kéré níbi tó ti dá a lójú ṣáká, àárín méjèèjì ló ti ga. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìdáhùn tí wọ́n ti hára gàgà láti gbọ́ ni wọ́n rántí jù.

Matthias Gruber, Charan Ranganath àti Bernard Gelman ní Yunifásítì California, Davis, tún fi ọgbọ́n kan kún un ní ọdún 2014. Lẹ́yìn ìbéèrè, wọ́n ní kí ènìyàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 14 kí ìdáhùn tó yọ, wọ́n sì fi àwòrán ojú ẹnì kan hàn án láàárín àkókò náà, ojú tí kò kan ìbéèrè rárá. Àwọn ojú tó bọ́ sí àkókò tí ìfẹ́ àtimọ̀ ga ni wọ́n padà dá mọ̀ jù. Ọpọlọ tó ń retí ìdáhùn ń fa ohun tó wà nítòsí mọ́ra. Tíṣà tó bá béèrè ìbéèrè, tó sì yára dá ara rẹ̀ lóhùn, ti gbé àkókò tó dára jù nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà sọnù.

Ìdánwò tí kíláàsì lè fi ara rẹ̀ ṣe

Èyí tó rọrùn jù ni ti Henry Roediger àti Kathleen McDermott, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1995 lórí ìpìlẹ̀ tí James Deese ti fi lélẹ̀ ní ọdún 1959. Ó ṣeé ṣe ní Yorùbá láìsí wàhálà. Tíṣà á ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ketekete, lọ́kọ̀ọ̀kan: bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, ẹní, àárẹ̀, òru, tòògbé, ìsinmi, yíyán, àlá, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ojú dídì, jíjí. Á ní kí wọ́n ṣe ìṣirò díẹ̀ kí ọkàn wọn lè kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rántí. Ó wá kù kó béèrè ẹni tó kọ "àlá". Ọwọ́ á lọ sókè. Ta ló kọ "ìrọ̀rí"? Ọwọ́ á tún lọ sókè. Ta ló kọ "oorun"? Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló sábà máa ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ tíṣà kò pe "oorun" rárá. Nínú ìdánwò kejì tí Roediger àti McDermott ṣe, ìpín 55 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ tí wọn kò pè yìí fi wọ inú ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn rántí.

Kò sí ẹni tí wọ́n máa rọ̀ pé kó béèrè ìbéèrè lẹ́yìn èyí. Wọ́n á fẹ́ mọ bí etí ṣe gbọ́ ohun tí ẹnu kò sọ, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ Elizabeth Loftus àti John Palmer ti wọlé. Ní ọdún 1974, wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn 50 léèrè bí eré ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n "forí sọ ara wọn", wọ́n sì bi àwọn 50 mìíràn pé nígbà tí wọ́n "kọlu ara wọn". Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, 16 nínú àwọn ti àkọ́kọ́ ní àwọn rí gíláàsì tó fọ́, nígbà tí 7 péré sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn kejì. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "oorun" kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́ mọ́.

Ìdánwò John Ridley Stroop ti ọdún 1935 kò gbà ju báírò aláwọ̀ mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá fi báírò búlúù kọ "pupa", tí wọ́n fi pupa kọ "dúdú", tí wọ́n wá ní kí ènìyàn sọ àwọ̀ báírò dípò ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ahọ́n á máa kọsẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 63 làwọn tí Stroop dán wò fi dárúkọ àwọ̀ 100 tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, nǹkan bí 110 ni wọ́n sì lò nígbà tí ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ta ko ara wọn. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tó dùn jù ń bẹ níhìn-ín: èdè wo ló máa dí i lọ́wọ́ jù? Ìwádìí lórí àwọn elédè méjì fi hàn pé èdè tí kíkà rẹ̀ mọ́ ènìyàn lára jù ló sábà máa ń fa ìdíwọ́ jù. Ó lè ya ọmọ Yorùbá tó lọ sílé ìwé lẹ́nu bí kò bá jẹ́ èdè tó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni.

Kí wọ́n sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó wò

Ìdánwò inú kíláàsì lè di eré lásán. Ní ọdún 2004, Catherine Crouch, Eric Mazur àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Harvard yẹ èyí wò nínú kíláàsì físíìsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ lóye ju àwọn tí kò rí i rárá lọ. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ló lóye jù wọ́n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni èyí fi kún àkókò. Ẹni tó ti dá sí ọ̀rọ̀ ti ní ohun tó so mọ́ èsì rẹ̀.

Ohun tó ń pa ìfẹ́ àtimọ̀

Ní ọdún 1984, Barbara Tizard àti Martin Hughes gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn ọmọbìnrin 30 tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ní London. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nílé àti ní jẹ́lé-ó-sinmi. Nílé, wọ́n ń béèrè nǹkan bí ìbéèrè 26 láàárín wákàtí kan. Nílé ìwé, 2 péré ni. Ọmọ kan náà ni o, ibi tó wà ló yàtọ̀.

Ẹ̀bùn pẹ̀lú lè ṣèpalára. Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett rí i ní ọdún 1973, nínú jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní Yunifásítì Stanford, pé àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá ṣèlérí ìwé ẹ̀rí fún, kò yàwòrán tó àwọn tó kù mọ́ nígbà tí wọ́n padà dá wọn dá a. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn kan náà láìsọ tẹ́lẹ̀ kò ní ìṣòro yìí.

Èdè wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè tíṣà dáadáa kò lè béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdánwò ìparí ọdún nìkan kọ́ ni ìdánwò wúlò fún. Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkurú ní ọdún 2006. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwòwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló rántí jù, ìpín 81 sí 75 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n wá wà ní 42, àwọn tó gbìyànjú láìwòwé wà ní 56. Kíláàsì tó ní ọ̀sẹ̀ kan lè ṣe èyí pẹ̀lú ojú ìwé méjì nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n sì sọ ṣáájú ẹgbẹ́ tí wọ́n rò pé yóò borí.