Bí àkàyé Gẹ̀ẹ́sì lórí igbó, odò àti òjò ṣe ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò

Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, ìwé kejì ni àkàyé wà. Àròkọ ló ṣáájú pẹ̀lú máàkì 50, àkàyé tẹ̀ lé e pẹ̀lú 20, sámárì wá gba 30 tó kù. Àyọkà àkàyé kì í dín ní 350 ọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí kò lè dá lé lórí. Ọ̀rọ̀ àyíká wà lára rẹ̀: ọ̀gbàrá, igi gígé, ọ̀rá tó dí gọ́tà, ẹran ìgbẹ́ tó ń tán lọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí irú àyọkà bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Ta ni kò mọ òjò? Àmọ́ ohun téèyàn ti mọ̀ yìí gan-an ló máa ń ba máàkì jẹ́.

Kò túmọ̀ sí pé ìmọ̀ kò wúlò. Lọ́dún 1988, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Recht àti Leslie, fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn eré baseball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, kà. Àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà dunjú lóye ìtàn náà ju àwọn tó mọ ìwé kà tí wọn kò mọ eré náà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ti rí i bí omi ṣe ń jẹ ẹ̀gbẹ́ títì ládùúgbò rẹ̀ yóò ṣe tètè mọ ohun tí àyọkà ọ̀gbàrá ń sọ. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá di ìdáhùn, nítorí ohun tó wà nínú àyọkà nìkan ni ẹni tó ń máàkì yóò wò. Ká ní àyọkà sọ pé ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà odò ló fa àkúnya. Ọmọ Ìbàdàn tó ti gbọ́ ìtàn omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 lẹ́nu àwọn àgbà lè kọ ọ́ pé pàǹtírí tí wọ́n dà sódò ló fà á. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ kò ní rí máàkì gbà.

Gbólóhùn kékeré kan tó wọ́pọ̀ nírú àyọkà yìí: “Although the rains came early, the river did not rise.” Ẹni tó ń sáré kàwé a rí òjò, a rí odò, a sì kọ ọ́ pé odò kún, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. “Although” ló ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi “however”, “unless” àti “consequently” ló ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ kan ṣe tan mọ́ òmíràn; ó yẹ kí pẹ́ńsùlù kàn wọ́n kó tó kan èyíkéyìí mìíràn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọmọ ti mọ̀ láti pámárì, tí wọ́n ń jẹ́ nǹkan mìíràn létí omi. “Bank” di bèbè odò, “bed” di ìsàlẹ̀ rẹ̀, “mouth” di ibi tó ti wọ òkun.

Bí wọ́n bá ní kí o fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí wọ́n fàlà sí, ó gbọ́dọ̀ wọ ààyè náà láìba gírámà jẹ́. “Disappeared” lè rọ́pò “vanished”; “disappear” kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti awẹ́ gbólóhùn: bí wọ́n bá béèrè irú èyí tí “that the elephants had left” jẹ́ nínú “The hunters knew that the elephants had left”, ìdáhùn kò parí sí “noun clause”. Ó kù kí o sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyẹn pé òun ni àbọ̀ fún “knew”. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé apá kejì yìí.

Ìbéèrè tó le jù ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò hàn lójú ìwé. Àyọkà sọ pé àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi lẹ́yìnkùlé tẹ́lẹ̀ ti ń rìn títí di ọ̀sán báyìí. Kò síbi tó ti sọ pé igbó ti jìnnà sí ìlú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń lọ. Ìdáhùn tí kò bá ní gbólóhùn kan pàtó tó lè tọ́ka sí, àbá lásán ni.

Ọ̀rọ̀ ẹwà èdè náà ń bọ̀: “The angry river swallowed the farms.” Ọmọ tó dàgbà sórí ìtàn Ọ̀ṣun àti Ọya lè máà rí ohun àjèjì kankan nínú odò tó bínú, kó sì kọjá lára ìfohunpènìyàn, ìyẹn sísọ̀rọ̀ nǹkan bí ẹni pé ènìyàn ni, láìfura.

Fún ìgbáradì, mo fara mọ́ ọn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìpínrọ̀ kan, kó bo ó mọ́lẹ̀, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Ibi tó bá ti kólòlò ni kò yé e. Lẹ́yìn náà kó dáhùn ìbéèrè, kó kọ nọ́ńbà ìlà tó ti rí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè àtijọ́ ti WAEC dára fún èyí, ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí àkúnya omi tàbí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo náà dára. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, kó fi aago sí i: nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni WAEC gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kó lò lórí àkàyé nínú ìdánwò gidi.