Tánkì Kún, Àmọ́ Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Bí rédíétọ̀ bá ti gbẹ, ẹ bu omi sí i. Ìgbàgbọ́ yìí bá ọ̀pọ̀ wa wọ bàálù láti Nàìjíríà, kò sì yani lẹ́nu: ta ni kò mọ awakọ̀ tó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí búùtù? Nígbà tí àwọn kan nínú wa ní Ìlú Ọba wá ra motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, wọ́n gbé ìgbàgbọ́ náà wọ ibẹ̀. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, wọ́n bá tánkì ike kékeré kan tí wọ́n kọ MIN àti MAX sí lára, tánkì ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, wọ́n rí i pé omi inú rẹ̀ ti fà. Wọ́n rọ omi ẹ̀rọ, wọ́n dà á sí i títí ó fi dé àárín ìlà méjèèjì, wọ́n pa kọ́bọ́ọ̀dù dé. Lójú tiwọn, ó ti parí.

Kò parí o. Iye ni ìlà méjì yẹn ń sọ. Ohun tó wà nínú tánkì àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ìlà ò lè sọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ amóoru Alde tí wọ́n ń ṣe ní Sweden, nítorí ó wọ́pọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Nínú Compact 3010 àti 3020 wọn, gáàsì tàbí iná mànàmáná 230V ló ń mú àpòpọ̀ omi àti glycol, ìyẹn kẹ́míkà olómi tí kì í jẹ́ kí omi tètè dì, gbóná. Pọ́ǹpù kékeré oní-12V á wá tì í gba inú páìpù lọ sára àwọn rédíétọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri yíká ọkọ̀, á sì tún padà wá sínú bọ́ílà. Bọ́ílà yẹn kan náà ló ń mú omi ìwẹ̀ gbóná, nǹkan bíi lítà 8, àmọ́ irin ló là wọ́n láàárín. Omi tí ẹ fi ń wẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kan èyí tó ń yí kiri nínú páìpù.

Ìwé ìlò Alde ní kí omi jẹ́ ìdá 60 nínú 100, kí glycol jẹ́ 40. Àpòpọ̀ yìí á dúró láì dì títí òtútù á fi tó nǹkan bíi -25°C. Omi lásán ní tiẹ̀ ń dì ní 0°C, bó bá sì ti di yìnyín, á wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Kò sí ibi tí páìpù tàbí bọ́ílà máa fi ìwúsókè yẹn sí, wọ́n á là ni. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ motorhome ló máa ń dúró sójú kan láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, tí ẹnikẹ́ni ò tan ẹ̀rọ amóoru rẹ̀.

Ká ní lítà 10 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, tí lítà 4 nínú rẹ̀ jẹ́ glycol. Lítà 2 jò dànù díẹ̀díẹ̀, ẹ fi omi ẹ̀rọ dí i. Glycol ti di lítà 3.2. Lítà 2 míì tún jò, ẹ tún fi omi dí i, ó wá ku nǹkan bíi lítà 2.6. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń bu omi là ni: ìkòkò ò dín, iyọ̀ ló ti tán. Ohun tó lè fara da -25°C tẹ́lẹ̀ ti di èyí tó lè dì ní nǹkan bíi -12°C. Bẹ́ẹ̀, Braemar, abúlé kan ní Scotland tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn Aberdeen, ti rí -27.2°C rí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982.

Àwọn kan á ní, “Ó dáa, glycol gan-an ni màá dà sí i láìfi omi sí i rárá.” Ìyẹn náà ò dáa. Glycol ògidì, oríṣi tí wọ́n ń pè ní ethylene glycol, ń dì ní nǹkan bíi -13°C. Òun àti omi ló ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ó tún nípọn, pọ́ǹpù á máa jà kó tó tì í, ooru tó lè gbé kò sì tó ti omi. Alde kò fẹ́ kó ju ìdá 50 lọ, bó ti wù kí òtútù le tó.

Lójú tèmi, dídì yìí gan-an kọ́ ni olórí ewu. Àwọn èròjà wà nínú glycol tí kì í jẹ́ kó ba irin jẹ́, alumíníọ̀mù sì pọ̀ nínú ẹ̀rọ Alde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èròjà wọ̀nyí ń tán, glycol fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ásíìdì, á máa jẹ irin láti inú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Àwọn oríṣi tí wọ́n dìídì ṣe kó lè pẹ́ máa ń tó ọdún 5. Tánkì lè má fà rárá láàárín ọdún 8, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti di ọ̀tá ẹ̀rọ. Omi ẹ̀rọ tí ẹ ń dà sí i á tún dá kún un. Ẹni tó bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kó wo ìdí kẹ́túlù rẹ̀: nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ yẹn ló ń rọ́ wọnú páìpù. Bó bá di dandan kí ẹ fi omi sí i, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n ń tà fún áyọ́ọ̀nù. (Kódà n’Íbàdàn tí yìnyín kì í sí, ìdí kan náà ló fi yẹ kí kúláǹtì wà nínú rédíétọ̀ ọkọ̀. Kì í ṣe nǹkan òyìnbó olótùútù nìkan.)

Ṣé kí ó fà jẹ́ àmì pé ó ń jò? Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Afẹ́fẹ́ ń wọ tánkì yẹn, omi á máa fà díẹ̀díẹ̀ lọ láàárín oṣù, glycol á sì jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù á máa jáde, tánkì á sì fà láìjò. Ohun tó tún ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé àpòpọ̀ yìí ń wú bó bá gbóná. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá tutù pátápátá la máa ń wo ìwọ̀n ti Alde, ibi tó sì yẹ kó wà ni nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lókè MIN. Ẹni tó bá kún un dé MAX nígbà tó tutù, bó bá tan ẹ̀rọ, àpòpọ̀ náà á wú, á gba ọ̀pá ìṣàn jáde sábẹ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, á bá a pé ó ti fà, á ní ó ń jò, á tún bu omi sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń da glycol rẹ̀ nù.

Bó bá wá ń jò lóòótọ́, imú lè kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: òórùn kan tó dùn díẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn àga, níbi tí rọ́bà ti so mọ́ páìpù. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni.

Kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ awò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní refractometer, kò wọ́n. Ẹ kán in sójú dígí rẹ̀, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti máa dì. Ethylene àti propylene, ìyẹn oríṣi glycol méjì, ní ìlà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ má ka èyí tí kì í ṣe tiyín. Kò lè sọ fún yín bóyá èròjà tó ń dáàbò bo irin ṣì kù, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ló máa sọ ìyẹn. Ẹ má fi àwọ̀ mọ oríṣi tó jẹ́ o. Aró lásán ni pupa àti búlúù yẹn, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú èyí tó wù ú, bí a bá sì pa oríṣi méjì tí kò bára mu pọ̀, ààbò wọn lè bàjẹ́.

Èyí tí ẹ bá rọ jáde, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí gbè é, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Ethylene glycol dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé àti ajá. Kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Ibùdó ìkódọ̀tí káńsù yín ni kí ẹ gbé e lọ.