Kí ni sẹ́ṣọ̀n, kí ló sì dé tó ń já lórí bùráúsà kan tí kì í já lórí òmíràn?

Ìkànnì kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe dá HTTP nìyẹn, èdè tí bùráúsà (ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome) àti sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀) fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ẹ béèrè ojú ìwé kan, sáfà fún yín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ẹ bá tún padà wá béèrè òmíràn lójú ẹsẹ̀, àlejò tuntun lẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń tẹ páswọ́ọ̀dù, a ó sì máa ti ojú ìwé kan bọ́ sí òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni tún bi wá pé ta ni wá. Ohun tó ń mú kí èyí ṣeé ṣe ni wọ́n ń pè ní sẹ́ṣọ̀n.

Ẹni tó bá ti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba rí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Káàdì kékeré tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní ìtàn àìsàn yín nínú. Nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Fáìlì yín wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ sí, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì fi ń wá a jáde. Sẹ́ṣọ̀n ni fáìlì, ọ̀dọ̀ sáfà ló wà: orúkọ yín, ọjà tí ẹ ti mú, ìgbà tí ẹ wọlé. Kúkì ni káàdì, ọwọ́ bùráúsà ló wà. Gbogbo ìgbà tí bùráúsà bá padà sọ́dọ̀ sáfà, ó yẹ kó mú kúkì náà dání. Ìgbà tí kò bá mú un dání ni ẹ máa ń rí "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bùráúsà ní Amẹ́ríkà, ló dá kúkì sílẹ̀ lọ́dún 1994, nítorí pé oníbàárà wọn kan tó fẹ́ máa ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ kí sáfà òun máa tọ́jú ọjà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sanwó rẹ̀. Òfin rẹ̀ nígbà náà rọrùn: kúkì tí ìkànnì kan bá fún bùráúsà, kí bùráúsà máa mú un padà wá fún ìkànnì náà. Àwọn onípolówó ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n rí i pé bí àwòrán tiwọn bá wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì, kúkì kan náà ni yóò máa padà sọ́dọ̀ wọn láti ibi gbogbo, wọ́n á sì mọ ibi gbogbo tí ẹ ń yà sí. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe bùráúsà wá dìde láti dí wọn lọ́wọ́, kálukú gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Apple bẹ̀rẹ̀ lórí Safari, bùráúsà tirẹ̀, lọ́dún 2017, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2020, Safari ti dí gbogbo kúkì tó bá jẹ́ ti ìkànnì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ gan-an. Firefox gba ọ̀nà mìíràn: láti oṣù kẹfà ọdún 2022, ó ń ya kúkì sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, ìkànnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Google ní òun náà yóò dí wọn lórí Chrome, ó kéde rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ó sún un síwájú léraléra, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà ní oṣù keje ọdún 2024. Ṣùgbọ́n Chrome náà ti mú òfin kan wá tí àwọn yòókù kò bá a mú délẹ̀. Láti Chrome 80, ní oṣù kejì ọdún 2020, kúkì tí ẹni tó kọ ètò kò bá sọ bí kí wọ́n ṣe lò ó, Chrome á kà á sí Lax.

Lax jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí ènìyàn lè kọ síwájú SameSite, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bóyá kúkì lè bá ẹni tó ti ìkànnì mìíràn wá rìn, nígbà tó bá ń fún bùráúsà ní kúkì. Strict ní kí kúkì má ṣe tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ti ìkànnì mìíràn wá. None ní kó máa lọ nígbà gbogbo, àfi pé Secure gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ni pé orí HTTPS, HTTP tí wọ́n fi ààbò bò, nìkan ló gbọ́dọ̀ rìn. Lax wà láàárín: bí ènìyàn bá tẹ líǹkì lórí ìkànnì mìíràn tó sì balẹ̀ sọ́dọ̀ yín, kúkì á bá a wá, bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibòmíràn, kúkì á dúró sílé. Edge àti Opera, tí inú wọn jẹ́ ti Chrome, ń ṣe bíi ti Chrome bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan. Firefox àti Safari kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ètò tí a kò kọ SameSite sí lè ṣiṣẹ́ lórí Firefox kó sì kọ̀ jálẹ̀ lórí Chrome, kí ẹni tó kọ ọ́ sì máa bú Chrome lásán.

Ibi ìsanwó ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn ènìyàn jù. Ẹ ti wọlé sórí ìkànnì ilé ìtajà kan, ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì yín, wọ́n gbé yín lọ sí ojú ìwé báǹkì fún OTP. Ẹ tẹ OTP, báǹkì gbà á, ó dá yín padà sí ilé ìtajà, ilé ìtajà sì ń wò yín bí ẹni tí kò rí yín rí. Owó ti kúrò nínú àkáǹtì. Nínú ètò 3-D Secure tí àwọn báǹkì ń lò, fọ́ọ̀mù, ìyẹn POST, ni ojú ìwé báǹkì sábà máa ń fi dá oníbàárà padà. Lax sì ti sọ pé kúkì kò gbọ́dọ̀ bá irú èyí rìn.

Èyí tó burú jù ni pé kì í ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Chrome ṣàánú díẹ̀ fún àwọn ètò àtijọ́: bí kúkì tí a kò kọ SameSite sí kò bá tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fún un, ó ṣì lè bá POST lọ. Ẹni tó wọlé tó sì sanwó wéréwéré kò ní rí wàhálà kankan. Ẹni tí OTP rẹ̀ falẹ̀, tó ń dìde kiri nínú ilé láti wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, sẹ́ṣọ̀n tirẹ̀ á já. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ètò náà wà ní ọ́fíìsì pẹ̀lú Wi-Fi tó ń sáré, ó dán an wò títí, kò rí nǹkan kan, ó sì ní irọ́ ni àwọn oníbàárà ń pa.

Ìdẹkùn mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Nígbà tí POST dé láìsí kúkì, ọ̀pọ̀ ètò á rò pé àlejò tuntun ló dé, wọ́n á la sẹ́ṣọ̀n tuntun, wọ́n á sì fún bùráúsà ní kúkì tuntun tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Kúkì tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìṣòro ojú ìwé kan ṣoṣo wá di pé oníbàárà ti jáde pátápátá, ọjà tó mú sì ti pòórá.

Lójú tèmi, àtúnṣe tó dáa jù ni kí ojú ìwé tí báǹkì ń dá ènìyàn padà sí má gbára lé sẹ́ṣọ̀n rárá, kó má sì la tuntun. Kó wo nọ́ńbà ìdúnàádúrà tó wà nínú ohun tó dé, kó gba ẹ̀yìn lọ bi iléeṣẹ́ ìsanwó, sáfà sí sáfà, bóyá owó wọlé lóòótọ́ àti èló ni. Kó má gba ohun tí bùráúsà gbé wá gbọ́, torí ẹnikẹ́ni lè kọ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà kó fi 303, ìdáhùn tí sáfà fi ń ní kí bùráúsà lọ béèrè ojú ìwé mìíràn, darí bùráúsà sí ojú ìwé rísíìtì lórí ìkànnì kan náà. Ìrìn kejì yìí jẹ́ GET, ìyẹn bíbéèrè ojú ìwé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ líǹkì, kúkì Lax á sì bá a lọ.

Àwọn kan á ní kí a kúkú kọ None, kí gbogbo rẹ̀ tán. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣílẹ̀kùn fún ìkànnì burúkú kan láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sọ́dọ̀ yín ní orúkọ oníbàárà yín, kúkì rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí èyí, Safari orí iOS 12 ní àṣìṣe kan: bó bá rí None, Strict ló ń kà á sí. iPhone 6 kò lè kọjá iOS 12, kò sì yà mí lẹ́nu bí ẹ bá rí i láàárín àwọn tòkunbọ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ má sì rò pé Chrome orí iPhone yóò gbà yín: WebKit ti Apple, ẹ̀rọ tó ń gbé Safari ṣiṣẹ́, ló wà nínú rẹ̀, òfin Safari ló ń tẹ̀ lé. Lọ́dún 2024, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀rọ bùráúsà mìíràn láàyè nínú àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń bá ìṣòro kan pàdé tó fara jọ èyí. Wọ́n á gbé ojú ìkànnì sí ibi ọ̀fẹ́ kan, wọ́n á gbé sáfà sí ibi ọ̀fẹ́ mìíràn. Lórí Chrome, pẹ̀lú None àti Secure, ó ń lọ geere. Lórí Safari, kò sẹ́ni tó lè wọlé, nítorí kúkì ìkànnì mìíràn ni Safari rí. Kò sí àtúnṣe kankan nínú kóòdù tó tó kí ènìyàn ra orúkọ ìkànnì tirẹ̀, kó fi méjèèjì sábẹ́ rẹ̀: www.example.com àti api.example.com jẹ́ ìkànnì kan náà lójú gbogbo bùráúsà, Lax sì tó wọn. Kíkó nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n sínú localStorage, ibi ìpamọ́ kan nínú bùráúsà tí kì í ṣe kúkì, kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ. Bí ẹni tó ń lo Safari kò bá fọwọ́ kan ìkànnì yín fún ọjọ́ 7 tó fi lo bùráúsà náà, Safari á pa á rẹ́. Kóòdù àjèjì èyíkéyìí tó bá sì yọ́ wọ ojú ìwé yín lè kà á. Kúkì tí sáfà fúnra rẹ̀ fún bùráúsà, tó ní HttpOnly, kò sí nínú ìparẹ́ ọjọ́ 7 yẹn, kóòdù ojú ìwé kò sì lè kà á.

Àwọn mìíràn máa ń so sẹ́ṣọ̀n mọ́ àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ẹ̀rọ tí ẹ fi wọlé, wọ́n ní ààbò ni. Ẹni tó bá kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà ti gba IP mìíràn. Opera Mini, bó bá wà ní ipò tó ń dín dátà kù jù, ń gba ọ̀dọ̀ sáfà Opera kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà IP tí ẹ rí kì í ṣe ti oníbàárà rárá.

Ní ti bí sẹ́ṣọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó, ẹ má fi sílẹ̀ fún bùráúsà. Kúkì tí kò ní ọjọ́ ìparí yẹ kó kú nígbà tí wọ́n bá ti bùráúsà, ṣùgbọ́n Chrome àti Firefox lè jí i dìde bí ènìyàn bá ní kí wọ́n padà síbi tí òun ti dúró. Bí ẹ bá sì kọ ọdún mẹ́wàá sí i, Chrome á gé e sí ọjọ́ 400. Sáfà ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí fáìlì kásẹ̀ nílẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà káfẹ́ tí wọ́n sì dìde láì jáde.

Líǹkì ìwọlé tí ìkànnì ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì náà ń fa ìdààmú. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ lórí Chrome, ó ṣí líǹkì náà nínú áàpù mìíràn tó ní bùráúsà tirẹ̀ nínú, kúkì rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà tí yóò fọwọ́ tẹ̀ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sàn ju líǹkì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ètò yín wò, ẹ wá iPhone gidi kan, ẹ wá Firefox, ẹ wá Chrome orí Android. Ẹ wọlé, ẹ mú ọjà, ẹ dé ojú ìwé OTP, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12 nínú Chrome, ẹ lọ sí Application, lẹ́yìn náà Cookies: bí iye tó wà níwájú kúkì sẹ́ṣọ̀n bá ti yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti báǹkì dé, a jẹ́ pé sáfà yín ti la fáìlì tuntun.