Béárìn tó há lára ọkọ̀ agun-àpáta: òrùka wo ló yẹ kó gba òòlù?

Ọkọ̀ rìmóòtù tó ń gun àpáta, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní rock crawler, kì í sáré. Axial SCX10 tó jáde ní 2009 àti Traxxas TRX-4 tó jáde ní 2017, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà lórí òkúta. Nítorí náà, eré kọ́ ló sábà ń pa béárìn wọn. Omi àti ẹrẹ̀ ni. Ọkọ̀ á la odò kékeré kọjá, omi á gba abẹ́ ìdérí béárìn wọlé, gírísì á ṣàn lọ, àwọn bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó tú táyà, béárìn ti lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀, ìyẹn ihò tó jókòó sí, pinpin.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ti ṣàlàyé bí a ṣe ń tú táyà, bí a ṣe ń yọ síkúrù àti bí a ṣe ń fa ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí táyà, jáde. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku béárìn nìkan nínú knuckle alumíníọ̀mù, ìyẹn apá tó gbé táyà iwájú tó sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì, tí ìka kò rí ibi mú un, tí kò sì mì.

Òrùka méjì ni béárìn ní. Ti ìta jókòó sínú ilé, ti inú ni ṣáàfù gbà kọjá, àwọn bọ́ọ̀lù wà láàárín. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ lára irú ọkọ̀ yìí, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 11, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 4. Nínú knuckle, òrùka ìta ló ń há.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe, tó sì ń dunni, ni pé wọ́n á fi ẹnu síkúrù-dáráfà ti òrùka inú, wọ́n á wá lu ú. Béárìn á jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára òòlù ti gba òrùka inú wọlé, ó ti gba ara bọ́ọ̀lù kọjá, kó tó dé òrùka ìta tó há. Bọ́ọ̀lù róbótó kì í fara kan òrùka ju ojú kékeré kan ṣoṣo lọ, ojú yẹn sì ni gbogbo agbára náà kóra jọ sí. Ó máa tẹ ojú òrùka wọnú níbi tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹ fi ìka yí i wò, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́wọ́: gìgì, gìgì. Bó bá jẹ́ béárìn àtijọ́ tí a fẹ́ sọ nù, kò burú. Àmọ́ ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń lu tuntun wọlé, ìyẹn ni pé béárìn tuntun ti kú kí ọkọ̀ tó fọwọ́ kan òkúta.

Ẹni tó bá ti fa ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Igi ni ọwọ́ dì mú, gbòǹgbò ni ilẹ̀ dì mú, ọrùn tó wà láàárín wọn ló máa ń já. Òrùka inú ni igi ẹ̀gẹ́, òrùka ìta ni gbòǹgbò, bọ́ọ̀lù ni ọrùn. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi agbára jà pẹ̀lú ilẹ̀ gbígbẹ. Ó máa dúró de òjò, tàbí kó tú ilẹ̀ náà yí ẹ̀gẹ́ ká. Nínú iṣẹ́ tiwa, ooru ni òjò.

Tí ooru bá mú alumíníọ̀mù, ó máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Bí a bá gbé knuckle kúrò ní 20 °C lọ sí 100 °C, ihò mìlímítà 11 á fi nǹkan bí 0.02 mìlímítà gbòòrò sí i, òrùka irin á fi 0.01 tóbi sí i. Ìyàtọ̀ 0.01 yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tó. Tí a bá gbá knuckle gbígbóná mọ́ orí pátákó, tí ojú béárìn kọ sísàlẹ̀, ó lè jábọ́ fúnra rẹ̀. Bí knuckle bá jẹ́ ike, omi gbígbóná ni kí ẹ lò, ẹ má fi iná sún mọ́ ọn rárá.

Àwọn ilé kan wà tí ẹ̀yìn wọn dí, tí kò sí ibi tí a lè gbà tì í. Ẹ ki tíṣù tí ẹ rẹ sómi sínú ihò béárìn, kí ẹ wá fi ọ̀pá mìlímítà 5 tó kún ihò náà lu tíṣù yẹn wọlé, kí ẹ máa fi òmíràn kún un. Omi kì í fún pọ̀, kò sì ríbi sá sí, ó di dandan kó ti béárìn láti ẹ̀yìn. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibí ló dùn jù.

Fún tuntun, ẹ gbé béárìn sí fírísà, ẹ mú knuckle gbóná díẹ̀, kí ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ láti etí ìta kan dé èkejì kéré díẹ̀ sí mìlímítà 11 tì í wọlé, kó lè jẹ́ pé òrùka ìta nìkan ló ń kàn. Bóòtù, wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì tí a ń di díẹ̀díẹ̀ dára ju òòlù lọ, nítorí wọn kì í jẹ́ kó wọlé ní wíwọ́.

Ẹ má ṣe fi sáńdípépà ha ilé náà torí pé béárìn há. Ọgbọ́n ni híhá yẹn. Òrùka ìta tí kò há á máa yí nínú ilé rẹ̀, á sì máa jẹ alumíníọ̀mù títí ihò á fi tóbi ju béárìn lọ. Ìgbà kan péré ni ilé ń jẹ̀bi: àwọn knuckle olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n gé ihò wọn kéré jù, tí wọ́n ń fún òrùka ìta mọ́ bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Béárìn tí òòlù bà jẹ́ á máa gígì bí ẹ bá yí i, ì báà wà nínú ilé tàbí níta. Èyí tí ilé fún máa ń wúwo lọ́wọ́ láì gígì, bí ẹ bá sì yọ ọ́ jáde, á tún máa yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí nìkan ni kí ẹ mú sáńdípépà kíkúnná fún, kí ẹ máa ha ihò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa dán béárìn wò lẹ́yìn híha kọ̀ọ̀kan.