Kẹ́ ẹ tó di báàgì lọ sókè òkun, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nínú Army Reserve tàbí National Guard l'Amẹ́ríkà níbí, ìyẹn sójà tó ń ṣiṣẹ́ míì nílé títí ìjọba á fi pè é, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọn tàbí tẹ́ ẹ bí wọn, ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá lónìí o. A pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìjọba ṣì ń ṣe ètò MAVNI tí wọ́n fi ń gba àwọn tí ò tíì ní gírínkáàdì sí sójà torí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Hausa àti Igbo. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá èèyàn tún ìwé owó orí àti gbèsè ṣe, ohun tí mo sì ń rí léraléra ni pé òfin tó ń gbèjà sójà tí wọ́n bá pè lọ sẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ gan-an, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa dédé wá kanlẹ̀kùn yín. Ẹni tó bá béèrè, tó sì fi ìwé béèrè, òun ni wọ́n ń dá lóhùn.

Èyí tó tóbi jù ni òfin SCRA (Servicemembers Civil Relief Act). Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe é, wọ́n fi rọ́pò òfin kan tó ti wà láti 1940. Ohun tó sọ ni pé gbèsè tí sójà ti jẹ kó tó bọ́ sẹ́nu active duty, ìyẹn iṣẹ́ ológun ojoojúmọ́ tí wọ́n pè é sí, èlé orí ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 6% lọ́dún títí iṣẹ́ náà á fi parí, tó bá jẹ́ mọ́géèjì ilé ni wọ́n á tún fi ọdún kan lé e. Kírẹ́díìtì káàdì wà níbẹ̀, owó mọ́tò wà níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ yá lọ yunifásítì náà wà níbẹ̀, yálà ọwọ́ ìjọba lẹ ti yá a ni o tàbí ọwọ́ báńkì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní bọ̀dá kan jẹ $8,000 lórí káàdì tí èlé ẹ̀ jẹ́ 24%. Èlé nìkan lóṣù kan á tó $160. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di 6%, ó di $40, $120 ti kù sọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀ nílé nìyẹn lóṣooṣù, orí káàdì kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n yọ yẹn, wọn ò tọ́jú ẹ̀ dè é pé tó bá dé kó wá san án o, wọ́n ti fò ó pátápátá, owó tó ń san lóṣù náà sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Báńkì tó bá sọ fún yín pé ṣe làwọn kàn sún èlé yẹn síwájú, kò tẹ̀ lé òfin, ẹ má gbà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ jẹ gbèsè yẹn ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ti wà lẹ́nu active duty tán kí wọ́n tó sáré lọ fi gbèsè tuntun san ti àtijọ́, wọ́n rò pé àwọn ń tún nǹkan ṣe, wọn ò mọ̀ pé gbèsè tuntun yẹn ò sí lábẹ́ 6% mọ́. Òfin míì tí wọ́n ń pè ní MLA ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ irú ẹ̀, 36% ló sì fi ṣe òpin, ẹ wo bó ṣe jìnnà sí 6%. Bákan náà, gbèsè tó wà lórúkọ sójà, tàbí lórúkọ òun àti ẹni tó fẹ́ papọ̀, ni SCRA mọ̀. Mọ́tò tó wà lórúkọ ìyàwó nìkan, tí ọkọ sì ni sójà, kò kàn án.

Lẹ́tà náà ò le rárá. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tí active duty bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀ ń béèrè 6% lábẹ́ SCRA, 50 U.S.C. 3937 (nọ́ńbà òfin náà nìyẹn). Ẹ so ẹ̀dà order yín, ìwé tí wọ́n fi pè yín sẹ́nu iṣẹ́, mọ́ ọn. Ẹ fi certified mail ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tẹ́ ẹ jẹ lówó ló máa gba lẹ́tà tiẹ̀. Òfin fún yín láyè di ọjọ́ 180 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á sì ka 6% yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n pè yín, àmọ́ kí lẹ fẹ́ máa dúró dè nígbà tówó ń jáde?

Mo mọ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró, ojú ló ń tì wá. A ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé apá wa ò ká gbèsè wa, a tún ń bẹ̀rù pé kírẹ́díìtì wa á bàjẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, òfin yìí kan náà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ torí pé ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín kọ nǹkan burúkú síbi kírẹ́díìtì yín. Tí báńkì bá gbà pé iṣẹ́ ológun ò dí yín lọ́wọ́ àtisan èlé tó wà tẹ́lẹ̀, kó gba kọ́ọ̀tù lọ, kó lọ ṣàlàyé níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé tẹ́ ẹ háyà ni, tí order yín sì tó ọjọ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè jáwọ́ láìsan owó ìtanràn kankan. Ẹ fún láńlọ́ọ̀dù ní lẹ́tà àti ẹ̀dà order. Tó bá gbà á ní May 20, tí rẹ́ǹtì sì máa ń wọlé ní June 1, July 1 ni gbogbo ẹ̀ parí. Mọ́tò tẹ́ ẹ ṣe lease ẹ̀ náà ṣeé dá padà tí order bá tó ọjọ́ 180. Èyí tẹ́ ẹ sì ń san díẹ̀díẹ̀ láti rà, tẹ́ ẹ bá ti san ẹyọ kan péré kí active duty tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò lè wá wọ́ ọ lọ láìgba àṣẹ kọ́ọ̀tù.

Ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹni tó kù nílé jù nìyí o. Ìyàwó jókòó nídìí tábìlì ìdáná, ọmọ wà lẹ́yìn, fóònù wà létí, ó ti lé ní wákàtí kan tó ti ń gbọ́ orin, ìgbà tí wọ́n máa gbé e, wọ́n ní "Mà, ọkọ yín nìkan la lè bá sọ̀rọ̀." Ọkọ sì wà ní Kuwait, òru ti jìn níbẹ̀. Power of attorney, ìwé tẹ́ ẹ fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣojú yín, ló ń yanjú èyí, àwọn lọ́yà ológun tí wọ́n ń pè ní JAG sì ń bá sójà ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe èyí tó kàn sọ pé kó máa ṣe gbogbo nǹkan, ẹ jẹ́ kó dárúkọ iṣẹ́ náà, bíi báńkì, mọ́géèjì, mọ́tò, owó orí, kó sì ní ọjọ́ tó máa parí. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ pe báńkì yín kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní fọ́ọ̀mù tiwọn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, gbèsè tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún ìyàwó yín, ẹ sọ ọ́ síta kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, torí òun ni lẹ́tà wọn máa bá nílé.

Àjọ tẹ́ ẹ̀ ń dá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ẹgbẹ́ ìlú, kò sí ọ̀kan nínú àwọn òfin yìí tó dárúkọ ẹ̀, ẹ lọ bá alájọ sọ̀rọ̀ ní kíákíá, bóyá kẹ́ ẹ tètè kó tiyín tàbí kẹ́ ẹ yọwọ́ ná. Àwọn òbí wa ní Nàìjíríà náà, ọ̀pọ̀ wọn gbà pé tí ọmọ bá ti lọ sójú ogun owó ti dé nìyẹn, ilé tí wọ́n ń kọ́ ti fẹ́ dé òrùlé. Ẹ bá wọn sọ òótọ́, torí ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé owó tó ń gbà níbi iṣẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ju ti sójà lọ.

Ti àwọn tó ní iléeṣẹ́ kékeré, irú àwa tá a ní hómù kíà tó pọ̀ yìí, SBA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran iléeṣẹ́ kékeré lọ́wọ́, ní owó tí wọ́n ń yá iléeṣẹ́ tí wọ́n bá pe òṣìṣẹ́ tí wọn ò lè ṣe láìsí ẹ̀ lọ sí active duty. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pè é títí di ọdún kan lẹ́yìn tó bá dé lẹ lè béèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ owó pàjáwìrì nílé ni, Army Emergency Relief tó ti wà láti 1942 ń yáni lówó láìgba èlé rárá, ìgbà míì wọ́n tún ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn Reserve tó wà lẹ́nu active duty tó ju ọjọ́ 30 lọ náà sì lè lọ bá wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ sá fún ṣọ́ọ̀bù payday loan, àwọn tó ń fi èlé gọbọi yáni lówó di ọjọ́ owó oṣù.

Ibi tí wọ́n bá kà sí combat zone, ìyẹn ojú ogun, ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá lò níbẹ̀ nínú oṣù, owó oṣù yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, àwọn ọ́físà nìkan ni iye tiwọn ní òpin. Tẹ́ ẹ bá lo ọjọ́ 30 léraléra níbẹ̀, ẹ béèrè Savings Deposit Program, ètò ìfowópamọ́ fún sójà, lọ́dọ̀ àwọn finance, 10% lọ́dún ló ń mú wá lórí owó tí ò ju $10,000 lọ, mi ò mọ báńkì tó ń san irú ẹ̀.

Ti iṣẹ́ yín nílé, òfin USERRA ti 1994 ló dì í mú fún yín, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá yín kẹ́ ẹ tó lọ, ìwé ló dáa jù. Tí iṣẹ́ ológun náà bá ju ọjọ́ 180 lọ, ọjọ́ 90 lẹ ní lẹ́yìn tó bá parí láti sọ pé ẹ fẹ́ padà, tó bá jẹ́ ọjọ́ 31 sí 180, ọjọ́ 14 péré ni. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sínú fóònù yín látọjọ́ tí iṣẹ́ ológun bá ti parí.