Kì í Ṣe Òòfà Ló Kọ́kọ́ Kó Eruku Jọ

Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé gírámà èyíkéyìí láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe dáyé, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: eruku wà ní òfurufú, òòfà, ìyẹn agbára tí ohun tó wúwo fi ń fa nǹkan mọ́ra, fà á jọ, ó ki, ó di ayé. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kó bíni nínú. Ó fo ibi tí iṣẹ́ ti le jù lọ, ibi tí gbogbo ètò náà ì bá ti dojú dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.57 ọdún sẹ́yìn, ìkùukùu gáàsì àti eruku kan wó sínú ara rẹ̀. Àárín rẹ̀ di Oòrùn, tó jẹ́ pé títí di òní, òun nìkan ló kó ìdá 99.86 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹrù tó wà nínú agbo Oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ó ń yí Oòrùn po. Inú èéṣẹ́kù yẹn ni Ayé, Àgùàlà, òṣùpá àti àwa náà ti jáde. Ọjọ́ orí tí a dá yìí kì í ṣe àbá lásán o. Láti ara àwọn ẹ̀rúnrún funfun inú òkúta Allende, tó já bọ́ láti òfurufú sí Mẹ́síkò ní oṣù kejì ọdún 1969, ni wọ́n ti kà á.

Eruku inú àwo náà kúnná tó èéfín. Òòfà kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀rúnrún méjì kò ní ìwúwo tí wọ́n lè fi fa ara wọn. Agbára tó ń mú eruku lẹ̀ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á fara kan ara wọn jẹ́jẹ́, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì máa tóbi títí tí wọn yóò fi di òkúta wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni lílẹ̀ parí sí. Bí òkúta wẹ́wẹ́ méjì bá kọlu ara wọn, wọ́n á ta padà tàbí kí wọ́n fọ́.

Wàhálà kejì le ju ìyẹn lọ. Gáàsì inú àwo náà ní ipá tirẹ̀ tó ń tì í síta, nítorí náà kò dìgbà tó bá sáré tó òkúta kó tó lè dúró sí ipò rẹ̀. Òkúta kò ní irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀, eré tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ìyàtọ̀ eré méjèèjì tó nǹkan bíi mítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 180 ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń gbá òkúta lójú láìdáwọ́ dúró nìyẹn. Eruku kò mọ̀ ọ́n lára, torí atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Òkè ńlá kò mọ̀ ọ́n lára, torí ó wúwo. Èyí tó wà láàárín, tó fẹ̀ tó bíi mítà kan, ló ń jìyà: agbára rẹ̀ á máa dín kù, á máa sún mọ́ Oòrùn. Bó bá jẹ́ pé ibi tí Ayé wà lónìí ló ti gbéra, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ti kó sínú iná. Pílánẹ́ẹ̀tì sì ń fẹ́ mílíọ̀nù ọdún kó tó dàgbà. Ó yẹ kí gbogbo òkúta ti tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú títì àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ la ti lè rí ọ̀nà àbáyọ. Tírélà kan tó ru sìmẹ́ǹtì ń gun òkè, ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan bá a lẹ́yìn, kò rí àyè yà á sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Bọ́ọ̀sì dé, ó tò sẹ́yìn. Micra méjì dé, àwọn náà tò. Kó tó pẹ́, ìlà ti gùn dé ìsàlẹ̀ òkè, àwọn ọlọ́jà ti gbé ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá bọ́ sáàárín ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà kan ti sọ̀ kalẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ láìsí ẹni tó rán an, èrò ẹ̀yìn sì ń ṣépè fún ẹni tí wọn kò rí. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni jọ. Kò sẹ́ni tó fa ẹnikẹ́ni. Eré tó yàtọ̀ síra lójú ọ̀nà kan ṣoṣo ló dá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sílẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Oòrùn. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ díẹ̀ ju ibòmíràn lọ, wọ́n á jùmọ̀ ti gáàsì ibẹ̀ síwájú, atẹ́gùn tó ń gbá wọn á rọlẹ̀, lílọ wọn sí ọ̀nà Oòrùn á sì falẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí atẹ́gùn ṣì ń bá jà, á wá bá wọn níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń falẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń falẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bá wọn. Ìgbà tí èrò bá ki tán ni òòfà tó ráyè wọlé, tó sì wó gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òfurufú méjì, Andrew Youdin àti Jeremy Goodman, ló gbé ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde lè fẹ̀ tó kìlómítà 100, bíi láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, láìfi ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ́ òkúta mítà kan. Ọgbọ́n ibẹ̀ ló wuni jù: atẹ́gùn tó fẹ́ pa wọ́n run náà ló kó wọn jọ.

Tírélà á yà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ á sì tú ká, ibẹ̀ ni àfiwé náà ti já. Tòkè ọ̀hún kì í tú. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú New Horizons kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arrokoth ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019, lẹ́yìn Neptune lọ́hùn-ún, òkúta méjì tó fara ti ara wọn ló bá níbẹ̀, láìsí àmì pé wọ́n gbá ara wọn fọ́. Wọ́n rọra pàdé ni.

Láti ibí lọ, òòfà gba iṣẹ́ rẹ̀, ìdáhùn àwọn ọmọ ilé-ìwé sì di òótọ́. Ohun tó kù ni ohun tí olúkúlùkù rí kó. Nítòsí Oòrùn, ooru kò jẹ́ kí omi dì, òkúta àti irin nìkan ló wà nílẹ̀, wọn kò sì pọ̀. Láàárín Mars àti Jupiter ni ààlà wà tí omi ti ń di yìnyín. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ààlà yẹn rí òkúta, ó tún rí yìnyín kún un. Jupiter tètè tóbi, ó sì rí háídrójìn àti hílíọ̀mù gbé mì kí gáàsì tó tán nílẹ̀. Ó wúwo tó Ayé 318. Ayé tiwa, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni irin. Yangí Ògbómọ̀ṣọ́ pupa nítorí irin tó dípẹtà, ṣùgbọ́n díẹ̀ lèyí tó kù lókè. Ìgbà tí Ayé ṣì ń yọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ti rì lọ sí àárín.

Àwọn òṣùpá Jupiter tún ètò yìí ṣe ní kékeré, torí Jupiter fúnra rẹ̀ gbóná nígbà náà. Io, tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn mẹ́rin ńlá, wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀, òkúta ni. Callisto tó jìnnà jù kò tó ìlọ́po méjì, yìnyín pọ̀ nínú rẹ̀. Triton ti Neptune ní tirẹ̀ ń yí sódì, àlejò tí wọ́n mú mọ́lẹ̀ ni.

Òṣùpá tiwa ló ń dààmú ọ̀mọ̀wé. Irin àárín rẹ̀ kéré gan-an, èyí bá àlàyé mu pé ohun ńlá kan, tí wọ́n sọ ní Theia, kọlu Ayé lẹ́yìn tí irin ti rì, tí òkúta ara Ayé àti ti Theia fi fò jáde di òṣùpá. Àmọ́ àlàyé náà níhò. Oríṣiríṣi ọ́síjìn ló wà, ìwọ̀n àdàlù wọn sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Zagami, òkúta Mars tó já bọ́ ní agbègbè Katsina níbí ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ní àdàlù tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti Ayé. Bí Theia bá jẹ́ àlejò, ó yẹ kí òṣùpá náà yàtọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kílò 382 tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo lọ gbé wá láti òṣùpá láàárín 1969 sí 1972 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ayé dọ́gba pátápátá. Àwọn kan ní ìtòsí Ayé ni Theia ti dàgbà, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì kó. Àwọn mìíràn ní ìkọlù náà gbóná débi pé Ayé àti Theia yọ́ pọ̀ kí òṣùpá tó dì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, kò tíì ka ohun tó wà nínú òkúta yẹn.